Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Ló Yan Ibi Tí Géètì Máa Wà: Àkọsílẹ̀ Kúárì Àtijọ́ Kan ní Abẹ́òkúta

Ìta ìlú Abẹ́òkúta ni kúárì náà wà, lórí ilẹ̀ ẹbí. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti fọ́ òkúta kẹ́yìn níbẹ̀. Ohun tó kù ni kòtò ńlá kan tí ògiri rẹ̀ ga tó mítà 14 lápá kan, omi aláwọ̀ ewé tó dúró sísàlẹ̀ rẹ̀, òkìtì àlòkù òkúta lẹ́gbẹ̀ẹ́ kejì, àti ọ̀nà tí àwọn tírélà ń gbà nígbà kan rí, tí koríko ti bò. Àwọn èèyàn ti ń lọ síbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ ya fọ́tò, àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì ń lọ gbàdúrà lórí òkúta, àwọn tó wá fún ọdún Lísàbí náà sì máa ń yà níbẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gun Olúmọ tán. Kò sí irin ìdènà. Kò sí omi mímu. Ẹ̀yìn òkúta lẹni tó bá ń ṣe gbọ̀nsẹ̀ ń lọ. Ìgbà tí ẹbí wá pinnu láti sọ ibẹ̀ di ibi ìgbafẹ́ àti ibi ìtàn, wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ayàwòrán ilé kan àti ẹnjiníà kan.

Ìtàn kò wọ́n níbẹ̀. Abẹ́òkúta ni ọ̀nà ojú irin láti Èkó kọ́kọ́ gbà kọjá kó tó dé Ìbàdàn ní 1901, àtìgbà náà sì lòkúta agbègbè yìí ti di ọjà tó ń ròkèèrè. Ó wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe ìdènà ìgbì ní ẹnu ọ̀sà Èkó. Lára ògiri kúárì yìí, èèyàn lè fi ìka tẹ̀ lé ojú ihò tí dírílì lu kí wọ́n tó kó ẹ̀tù sí i: ìlàjì ihò tó dúró gbọnrangandan lára òkúta, ó dán nínú bíi páìpù tí wọ́n là sí méjì. Ohun tí àlejò máa rí nìyẹn tí kò ní rí i lórí Olúmọ.

Àwòrán àkọ́kọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ka ògiri yẹn sí. Ẹnì kan nínú ẹbí ti lọ sí Ọsirélíà, ó sì ti rí Sovereign Hill ní Ballarat, ibi ìtàn ìwakùsà góòlù tí wọ́n ṣí fún àlejò ní 1970, tí tọmọdé tàgbà ti ń fi àwo fọ yẹ̀ǹpẹ̀ odò wá góòlù. Ó ní irú ẹ̀ lòun fẹ́. Ni wọ́n bá ya ọpọ́n ìfọ-góòlù sínú àwòrán. Ohun tó ń jẹ́ kí àwo yẹn ṣiṣẹ́ ni pé góòlù wúwo tó ìlọ́po 19 omi, iyanrìn kò sì ju ìlọ́po 2.65 lọ, bí èèyàn bá ń mi àwo, góòlù á rì, iyanrìn á ṣàn lọ. Ṣùgbọ́n àgbègbè Iléṣà, ní Ìtagúnmódì àti Igun, la ti ń gbọ́ ìròyìn góòlù nílẹ̀ wa. Òkúta tibẹ̀ yàtọ̀ sí òkúta líle Abẹ́òkúta. Kí ọpọ́n yẹn tó lè wúlò níbí, wọ́n á máa ra góòlù wá fi pamọ́ sínú yẹ̀ǹpẹ̀, wọ́n á sì máa sọ fáwọn ọmọ iléèwé pé ilẹ̀ ibẹ̀ ló ti jáde. Ayàwòrán fa igi lé e kíákíá, ó sì dáa bẹ́ẹ̀.

Ohun mẹ́ta yòókù nínú àwòrán náà kò rọrùn láti fa igi lé, torí wọ́n jọ ohun tó mọ́gbọ́n dání. Àkọ́kọ́ ni pèpéle ìwòran ní etí kòtò gan-an. Èkejì ni ilé oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle náà. Ẹ̀kẹta ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n fi pamọ́ sí kọ̀rọ̀ tó relẹ̀ jù lọ, kí òórùn rẹ̀ má bàa dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń jẹun. Géètì wà lókè, lápá ọ̀nà títì, kí àlejò lè tètè dé ibi ìwòran.

Òòlù ló kọ́kọ́ tú àṣírí. Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ohunkóhun lé etí òkúta, ó yẹ kó fi òòlù kan òkúta náà díẹ̀díẹ̀, kó máa gbọ́ ohùn rẹ̀. Òkúta tó dì máa ń dún gan-an, ohùn rẹ̀ á sì ta padà sí ọwọ́. Èyí tí inú rẹ̀ ti là máa ń dún bọ̀, bí ẹni ń kan pẹpẹ. Òkúta líle wa máa ń ṣí ní awẹ́ awẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, nítorí pé ẹrù tó wà lórí rẹ̀ nígbà kan ti ṣí kúrò, oòrùn àti òjò sì ń bá a ṣiṣẹ́ lọ lójoojúmọ́. Ẹ̀tù kúárì tún dá kún un. Ní etí kòtò yìí, awẹ́ kan tó fẹ̀ tó mítà 5 ló ń dún bọ̀ látìhín dé ọ̀hún. Abẹ́ pèpéle ìwòran ló sì bọ́ sí. Wọ́n fi kíríyọ̀n yí gbogbo ibi tó dún bọ̀ ká, wọ́n fa pèpéle sẹ́yìn mítà 6 sí etí. Inú ẹbí kò dùn, wọ́n ní wọ́n ti gba ìran lọ́wọ́ àlejò. Wọn kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn: láti mítà 6 sẹ́yìn, ògiri tó dojú kọni lódì kejì, tí ojú ihò dírílì wà lára rẹ̀, hàn ketekete. Omi ìsàlẹ̀ nìkan ni kò hàn dáadáa mọ́, àǹfààní sì ni, torí omi yẹn ló máa ń fa ọmọ sí etí.

Ọ̀rọ̀ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ló wá yí gbogbo nǹkan padà. Bíríkìlà tó bá ti ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Abẹ́òkúta mọ̀ pé wàhálà ilé ibẹ̀ ni ibi tí omi ìdọ̀tí máa gbà lọ. Èèyàn á gbẹ́ ilẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì, òkúta á yọjú. Sọ́kàwéè tí wọ́n bá fipá gbẹ́ sínú òkúta kì í mu omi. Á kún, á sì máa ṣàn jáde lórí ilẹ̀ nígbà òjò. Ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ bí ilẹ̀ ṣe ń mu omi kò sì ná èèyàn ju ṣọ́bìrì, omi àti aago lọ. Wọ́n á gbẹ́ ihò tó fẹ̀ ní 300 mìlímítà níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní ìsàlẹ̀ ibi tí páìpù máa gbà. Wọ́n á da omi sí i dé gíga 300 mìlímítà, wọ́n á jẹ́ kó mu tó mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì wọ́n á tún un kún, wọ́n á sì ka ìṣẹ́jú àáyá tó gbà á kó tó lọ sílẹ̀ láti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin dé ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyẹn jẹ́ 150 mìlímítà. Bí wọ́n bá fi 150 pín ìṣẹ́jú àáyá náà, iye tó bá bọ́ sáàárín 12 sí 100 ló dáa. Tó bá ju 100 lọ, ilẹ̀ kò mu omi tó. Tí kò bá tó 12, ó ń mu ún jù: ìdọ̀tí á ti kọjá sínú omi abẹ́ ilẹ̀ kí ilẹ̀ tó sẹ́ ẹ.

Ibi mẹ́ta ni wọ́n ti ṣe é. Ní kọ̀rọ̀ tó relẹ̀, omi àná ṣì wà níbi tí wọ́n dá a sí nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Lórí òkìtì àlòkù òkúta, omi lọ ní ìṣẹ́jú 12, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá 720, iye rẹ̀ sì jẹ́ 4.8. Inú àwọn òṣìṣẹ́ kan dùn sí èyí, wọ́n ní ilẹ̀ tó ń mu omi la ti rí yìí. Àmọ́ òkìtì yẹn kò ní nǹkan kan nínú ju àlàfo láàárín òkúta, ìsàlẹ̀ àlàfo náà sì ni omi kòtò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tírélà àtijọ́, níbi tí ilẹ̀ pupa ti jìn ju ibòmíràn lọ, ó gba wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 40. Ìyẹn jẹ́ 6,000, iye rẹ̀ sì jẹ́ 40. Ibẹ̀ jìnnà sí omi kòtò tó mítà 70, ilẹ̀ rẹ̀ sì da kọ omi náà lẹ́yìn. Kò sí ibòmíràn mọ́ nínú gbogbo ilẹ̀ ẹbí.

Ilẹ̀ yẹn kò sì fẹ̀. Mítà 10 ni fífẹ̀ rẹ̀, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 35. Ibẹ̀ ni ìṣirò ti bọ́ sí i. Wọ́n fojú bù ú pé ọjọ́ tí èrò bá pọ̀, 300 àlejò ni yóò wọlé, kí olúkúlùkù sì lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ tí omi fi ń dà ń gba lítà 9. Pẹ̀lú lítà 1 ìfọwọ́, 3,000 lítà ni lọ́jọ́ kan. Ìyẹn dọ́gba pẹ̀lú ilé tí èèyàn 20 ń gbé tí olúkúlùkù ń lo 150 lítà. Ìlànà tó wà fún ọ̀gbun ìmu-omi, ìyẹn kòtò gígùn tí omi ìdọ̀tí ń gbà wọ inú ilẹ̀, ni pé kí wọ́n fi iye èèyàn ṣe ìlọ́po iye ìdánwò, kí wọ́n mú ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀: 20, ní ìlọ́po 40, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 200 mítà onígun mẹ́rin. Bí ọ̀gbun bá fẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà, mítà 333 ni wọ́n máa gbẹ́. Ọ̀gbun mẹ́wàá nìyẹn, ilẹ̀ kò sì gbà á. Àwo tí wọ́n ń fi kẹ́tù da omi sí kì í gba ju lítà 3 lọ, nítorí pé ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ kéré. Pẹ̀lú ìfọwọ́, 1,200 lítà ni. Ìyẹn jẹ́ èèyàn 8, ilẹ̀ ọ̀gbun jẹ́ 80 mítà onígun mẹ́rin. Ọ̀gbun mẹ́rin, ọ̀kọ̀ọ̀kan mítà 33, mítà 2 láàárín èyí àti èkejì: gbogbo rẹ̀ gba mítà 8.4 ní fífẹ̀. Ó wọlé.

Ẹbí jiyàn lórí rẹ̀ gan-an. Wọ́n ní kẹ́tù kò bójú mu fún ibi tí wọ́n fẹ́ gba owó ìwọlé, wọ́n ní àlejò Èkó á ní abúlé làwọn wá. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ oge ló parí ìjà náà. Omi ni. Kànga ẹ̀rọ nínú òkúta líle kì í dájú, ó sì lè má ju omi ìlò ilé kan ṣoṣo lọ. Omi òjò lórí páànù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ 60 mítà onígun mẹ́rin, ló wá di orísun kejì: òjò mìlímítà 25 lẹ́ẹ̀kan, bí wọ́n bá yọ ìdá kan nínú márùn-ún tó ṣòfò, á fún wọn ní 1,200 lítà. Òjò kan, ọjọ́ kan. Pẹ̀lú àwo oní 9 lítà, ìṣirò yẹn kò lè bára mu láéláé.

Bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà tírélà, géètì ò lè dúró lókè mọ́. Bí ó bá wà lókè, àlejò á gba gbogbo òkúta kọjá kó tó rí ibi tí yóò ti tura. Àwọn tó rìnrìn àjò wá láti Èkó kì í wá ìran ní ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n ń bèèrè bí wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì. Géètì wá sísàlẹ̀, ibi ìgbọ́kọ̀sí tẹ̀ lé e, ilé oúnjẹ náà tẹ̀ lé e nítorí omi, ibi ìwòran sì di ohun tí èèyàn ń gùn lọ bá. Àtúntò yìí ni ó gba àkókò jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ó sì dá mi lójú pé òun ló gbà wọ́n. Ká ní wọ́n ti da kọnkéré pèpéle ìwòran kí wọ́n tó wo ilẹ̀, owó á ti jó rẹ̀yìn.

Àtẹ̀gùn ló kàn. Gíga láti géètì dé ibi ìwòran jẹ́ mítà 12. Bí ìgbésẹ̀ kan bá ga ní 150 mìlímítà, tí ibi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 300, ìgbésẹ̀ 80 ni, wọ́n sì fi ibi ìsinmi sí ẹ̀yìn ìgbésẹ̀ mẹ́wàá mẹ́wàá. Ẹnjiníà, ọ̀dọ́kùnrin tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ti fi òwú àti èèkàn sàmì sí i lápá tó tẹ́jú jù lára òkúta. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Àwọn ìyá tó ń fi òòlù fọ́ òkúta ta ní páànù páànù wà nítòsí ibẹ̀, lábẹ́ àtíbàbà wọn, bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ibi ní Abẹ́òkúta. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀.

“Ọmọ mi, àtẹ̀gùn lẹ fẹ́ ṣe síbẹ̀ yẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ibẹ̀ ló tẹ́jú jù.”

“Omi ló tẹ́ ẹ. Tó bá di oṣù kẹfà, ẹ ò ní lè dúró níbẹ̀.”

“Ẹ ṣeun, mà. Níbo lẹ̀yin máa ń gbà gòkè nígbà òjò?”

Ó fi ìka hàn án: apá òsì, níbi tó ga gàgàrà, tí kò sí àmì dúdú lára òkúta. Àmì dúdú yẹn ni kókó. Ibi tí omi ń gbà lọ́dọọdún lórí òkúta máa ń ní ilà dúdú, èbìbò tó gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tó sì ń yọ̀ bí òjò bá ti kan án. Ẹnjiníà padà lọ wọn òkúta tó wà lókè àtẹ̀gùn náà: 2,000 mítà onígun mẹ́rin òkúta ìhòhò, tí kò mu omi rárá. Òjò ńlá tó ń rọ̀ ní mìlímítà 50 ní wákàtí kan á da 100 mítà kúbíìkì sílẹ̀ láàárín wákàtí náà, ìyẹn lítà 28 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ju garawa kan lọ, ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé àtẹ̀gùn lọ sápá òsì. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ di 92 nítorí pé ó yí ká, ó sì gòkè díẹ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n la gọ́tà oní 300 mìlímítà sókè, kó máa kó omi lọ sí ọ̀nà àtijọ́ rẹ̀.

Àwòrán àkọ́kọ́ ti fẹ́ lé àwọn ìyá wọ̀nyẹn kúrò. Lẹ́yìn èyí, kò sẹ́ni tó tún dá a lábàá. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ti ra òkúta wẹ́wẹ́ fún ojú ọ̀nà àti fún inú ọ̀gbun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àdéhùn méjì ló wà: wọn ò ní máa fi táyà dáná sí òkúta kó lè là lọ́jọ́ tí àlejò bá wà, àtíbàbà wọn á sì wà níbi tí atẹ́gùn á ti gbé eruku lọ sí apá tí kò sí èèyàn. Eruku òkúta líle máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ó sì burú fún àwọn tó ń fọ́ ọ ju fún àlejò lọ, nítorí náà wọ́n fi omi wíwọ́n kún un. Ẹbí fẹ́ kọ pátákó síwájú wọn kí àlejò máa dúró wò wọ́n. Wọ́n kọ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ làwọn ń ṣe. Mo rò pé wọ́n jàre.

Irin ìdènà fẹ́rẹ̀ẹ́ ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Wẹ́dà tó gbaṣẹ́ náà fi bóòtì tó ń fẹ̀ nínú ihò de òpó mẹ́ta àkọ́kọ́. Irú bóòtì yẹn dáa nínú kọnkéré tó nípọn. Lórí awẹ́ òkúta tí kò nípọn, bí wọ́n ṣe ń yí i mọ́lẹ̀ ló ń ti òkúta sọ́tọ̀. Òpó kejì ni wọ́n ń yí lọ́wọ́ tí ilà tín-ín-rín kan fi sáré láti ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ sí apá etí, gígùn rẹ̀ tó apá èèyàn. Wọ́n tú u, wọ́n fa gbogbo irin náà sẹ́yìn, wọ́n sì yí ọ̀nà padà: ihò 20 mìlímítà tó jìn ní 200, fún irin ọ̀pá 16. Wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì nu inú ihò, wọ́n fẹ́ eruku jáde, wọ́n tún nu ún, wọ́n tún fẹ́ ẹ, kí wọ́n tó fún gúlù epoxy sí i láti ìsàlẹ̀ wá sókè. Èyí tí wọ́n bá kánjú fẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ máa fà yọ lọ́jọ́ kẹta, torí eruku ni gúlù náà á lẹ̀ mọ́, kì í ṣe òkúta. Gíga irin náà jẹ́ 1,100 mìlímítà. Ọ̀pá inú rẹ̀ dúró lóòró, kò dùbúlẹ̀, nítorí pé èyí tó bá dùbúlẹ̀ àkàbà ni lójú ọmọdé, àlàfo rẹ̀ kò sì tó 100. Wọ́n jó o pọ̀ tán kí wọ́n tó rì í sínú síńkì yíyọ́ tí kì í jẹ́ kó dípẹtà. Tí wọ́n bá jó irin tó ti ní síńkì lára, iná á jó síńkì náà dànù lójú oríkèé, ibẹ̀ sì ni ìpẹtà ti máa bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ ìsinmi àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí wọ́n ṣí i, àlejò pọ̀ ju 300 lọ. Ọ̀gbun gbà á, nítorí pé ọjọ́ kan ṣoṣo ni. Ohun tí kò gbà á ni ìlà àwọn obìnrin. Àwo mẹ́rin fún ọkùnrin, mẹ́rin fún obìnrin ni wọ́n ṣe, wọ́n rò pé ìdọ́gba ni. Obìnrin a máa pẹ́ ju ọkùnrin lọ, púpọ̀ nínú wọn sì mú ọmọ dání. Wọ́n gbé ògiri àárín: mẹ́fà di ti obìnrin, méjì di ti ọkùnrin pẹ̀lú ọpọ́n ìtọ̀ gígùn kan tí kò nílò omi. Ìlà náà sì dín kù. Òjìji ló tún wọ́n. Láti agogo méjìlá sí mẹ́ta, òkúta gbóná débi pé ẹnikẹ́ni kò lè jókòó lórí rẹ̀. Àwọn ibi ìsinmi lórí àtẹ̀gùn nílò àtíbàbà ju ibi ìwòran lọ.

Fún ẹni tó bá gba irú iṣẹ́ yìí, ì báà jẹ́ kúárì tàbí ihò góòlù àtijọ́, ọ̀nà tí wọ́n gbà níbí nìyí bí wọ́n bá tún un ṣe: ìdánwò omi ilẹ̀ ṣáájú àwòrán, òòlù káàkiri gbogbo etí pẹ̀lú kíríyọ̀n, rírìn lórí òkúta nígbà tí òjò ń rọ̀ ní o kéré tán ẹ̀ẹ̀kan, kí géètì sì wà lára ohun tí wọ́n máa gbé kalẹ̀ gbẹ̀yìn. Ihò góòlù àtijọ́ ní ewu tirẹ̀ tí kúárì kò ní. Níbi tí wọ́n bá ti fi mákúrì, kẹ́míkà olóró, fọ góòlù rí, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ ilẹ̀ àti omi wò ní ilé àyẹ̀wò kí ọmọ iléèwé kankan tó fọwọ́ kan yẹ̀ǹpẹ̀ ibẹ̀. Àwọn ihò tí wọ́n gbẹ́ sínú ilẹ̀ rírọ̀ náà ń ya lulẹ̀ láti inú, láìsí ìró kankan tí òòlù lè gbọ́.

Omi kòtò ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n dábàá láti fa á gbẹ, ẹnjiníà ní òjò ọdún kan péré á tún un kún. Wọ́n fi okùn àti òkúta wọn jíjìn rẹ̀, wọ́n rí i pé àwọn ibì kan já lulẹ̀ lójijì láti ibi tí omi dé orúnkún sí mítà 9. Kò sí ìlúwẹ̀ẹ́, géètì kékeré tó lọ sí etí omi sì wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ olùṣọ́ méjì. Táyà tó ń léfòó àti okùn mítà 20 wà lára òpó tí wọ́n kùn ní pupa, olùṣọ́ sì gbọ́dọ̀ jù ú lẹ́ẹ̀kan lóṣù kó lè mọ̀ pé okùn náà kò tíì jẹrà.